Bí Òwò Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Lọ́nà Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ti Kùtọnù ń bọ̀ wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ yóò kọjá níwájú àwọn pápá gbalasa tí wọ́n to ọkọ̀ àlòkù sí lórí yanrìn, ní Ẹ̀kpẹ̀ àti ní agbègbè Sẹ̀mẹ̀-Kpòjì. Pákì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ṣe gbà á lẹ́nu àwọn Faransé. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1990 lè rò pé àwọn pákì wọ̀nyí ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀sà ti wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ọjọ́ orí, a sì mọ ohun tó bí i: àìsàn tó kọlu àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àti ebi tó wọ ìlú tiwa náà ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń kọ ìtàn yìí nítorí ẹ̀sùn kan tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú Nàìjíríà, pé àwa ará ẹnubodè la pa ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wọn. Ẹ̀sùn náà ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá to àwọn ọdún náà tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé àìsàn ti dá ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn dùbúlẹ̀ kí tòkunbọ̀ tó di òwò lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, apá òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀ fún wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni tiwa ní Dàhòmì, bí a ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ tó bá ti Àjàṣẹ́ gba Ìgòlò kọjá sí Ìdíròkò ní láti pààrọ̀ apá tó ń gbà bó bá ti wọ ilẹ̀ ibẹ̀, ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ a sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kó gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún. Kò sí oníṣòwò kankan tó wà lẹ́yìn òfin náà, síbẹ̀ bí kò bá sí ti ọjọ́ yẹn ni, ọkọ̀ tí ará Bẹ́ljíọ̀m tàbí ará Jámánì ti lò kì bá tí wúlò fún ará Ìbàdàn láéláé.

Ní àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ọkọ̀ àlòkù ní Nàìjíríà. Owó epo ti ń ya wọlé bí omi òjò. Ní ọdún 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an, ìyẹn ọ̀nà kan náà tó ń bá a lọ sí Sẹ̀mẹ̀ tó sì ń bọ̀ wá bá wa. Ìyá oníṣòwò tó bá ti Àjàṣẹ́ lọ ra ọjà ní Èkó ń kọjá níwájú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà lálọ àti lábọ̀. Kò pẹ́ sí i ni Leyland wà ní Ìbàdàn, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano, tí Mercedes náà sì ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Anammco, ní Enugu. Owó Udoji, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, bọ́ sí àsìkò kan náà, débi pé olùkọ́ ilé-ìwé lè yá owó lọ́dọ̀ ìjọba kó sì ra Volkswagen oníìjàpá, tí ọ̀gá rẹ̀ a sì máa gun Peugeot 504. Ní tiwa níhìn-ín, a ń wò wọ́n pẹ̀lú ìyanu. Ìjọba Kérékou, olórí orílẹ̀-èdè tiwa, ń kọrin Marx àti Lenin sí wa létí, ọkọ̀ kò sì pọ̀ ní ìlú.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn? Níhìn-ín ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ń gba ọkọ̀ tí wọ́n ti tú sí wẹ́wẹ́ nínú àpótí ńláńlá láti ilẹ̀ Faransé, láti Jámánì àti láti Bùràsíìlì, wọ́n sì ń tò ó padà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, irin ara rẹ̀, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi owó òkèèrè rà. Ìlérí tí ìjọba ṣe ni pé bí ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta bá ti parí, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ yóò máa ti ibẹ̀ jáde. Àjàòkúta kò parí, irin pẹlẹbẹ kankan kò sì ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, ìyè ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Nàìjíríà so mọ́ okùn kan ṣoṣo, ìyẹn dọ́là epo rọ̀bì, mi ò sì rí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè dá ẹnubodè Àjàṣẹ́ lẹ́bi nígbà tí okùn náà já.

Ó já ní ìgbà méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ ni ọdún 1981 sí 1982, nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, tí ìjọba Shagari sì ṣe òfin ní oṣù kẹrin ọdún 1982 láti dín ọjà tó ń ti òkèèrè wọlé kù. Láti ọjọ́ náà lọ, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kó àpótí ọkọ̀ rẹ̀ wọlé ní láti wá ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ yìí sì di ohun tí àwọn alágbára ń pín fún ara wọn. Ilé-iṣẹ́ ń dúró de àpótí, òṣìṣẹ́ ń dúró de iṣẹ́, wọ́n sì ń dá àwọn ènìyàn padà sílé. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, Buhari sì ti ẹnubodè pa ní ọdún 1984. Ọdún 1986 ni Babangida tó ṣí i. Gbogbo ẹni tó gbé Àjàṣẹ́, Ìgòlò, Pọ́bẹ̀ tàbí Kétu nígbà yẹn mọ bí ọjà ṣe dákẹ́.

Ìgbà kejì ló burú jù. Owó epo tún já wálẹ̀ ní ọdún 1986, Babangida gba ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP, wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà kó wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Kí ètò náà tó dé, dọ́là kan kò tó náírà 2. Nígbà tí ọdún 1987 yóò fi parí, ó ti lé ní náírà 4. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí ṣe sí ilé-iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra àpótí, tó sì ń fi náírà ta ọkọ̀. Iye ọkọ̀ tuntun fò kọjá ọwọ́ olùkọ́, ó kọjá ọwọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì kọjá ọwọ́ ọ̀gá kékeré nílé-iṣẹ́ ìjọba. Ìjọba fúnra rẹ̀, tó jẹ́ oníbàárà Peugeot tó tóbi jù, kò rí owó ra 504 mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ìrora náà di ọ̀rọ̀ ìṣèlú: àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde sí ìgboro láti tako SAP, àwọn ológun sì ń sọ pé kí ará ìlú fara dà á. Nígbà tí a fi wọ inú àwọn ọdún 1990, Volkswagen ti fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní Èkó, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì ń mí díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ènìyàn ṣì nílò ọkọ̀. Dókítà ń lọ síbi iṣẹ́, ìyá ọlọ́jà ń kó ẹrù, awakọ̀ ń wá ohun tí yóò fi bọ́ ọmọ. Ibi tí ọkọ̀ àlòkù ti Yúróòpù ti wọlé nìyẹn, àwọn Yorùbá Nàìjíríà sì fún un ní orúkọ tó ṣì ń wú mi lórí títí di òní. Tòkunbọ̀ ni à ń sọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wálé. Wọn kò pe ọkọ̀ náà ní àkísà, wọn kò sì pè é ní àwókù. Orúkọ ọmọ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni pé wọ́n ń tẹ́wọ́ gba àlejò tó jẹ́ ẹbí. Orúkọ náà sọdá Ìdíròkò wá bá wa, ó sì gbilẹ̀ lẹ́nu wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń fi Faransé pè é.

Kí ló wá dé tí ọ̀nà tiwa fi di ọ̀nà ọmọ tòkun bọ̀ yìí, nígbà tí Èkó ní èbúté tó ju tiwa lọ? Owó tí à ń ná ni ìdí kìíní. Fráǹkì sefá so mọ́ fráǹkì ilẹ̀ Faransé, 50 sí ẹyọ kan fráǹkì tuntun ti ọdún 1960, ìwọ̀n náà kò sì yí padà láti ọdún 1948 títí di oṣù kìíní ọdún 1994. Oníṣòwò tó bá ní sefá lọ́wọ́ lè fi ra ọkọ̀ ní Yúróòpù láìtọ́jú ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ń sáré lẹ́yìn dọ́là. Ìdí kejì ni èbúté Kùtọnù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tí owó bodè rẹ̀ sì rọrùn ju ti Apapa lọ. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ní ìbátan ní Brussels àti Antwerp ló so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀: ọkọ̀ tí wọ́n rà ládùúgbò Heyvaert ní Brussels ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Kùtọnù.

Ìdí kẹta kò dùn ún sọ. Ní ọdún 1988 sí 1989, àwọn báǹkì ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó fi owó pamọ́ kò rí i gbà. Olùkọ́ ń lo oṣù púpọ̀ láìgba owó oṣù, ìjọba kò sì gba àwọn tó jáde ní yunifásítì sí iṣẹ́ mọ́. Ìyanṣẹ́lódì gba Kùtọnù àti Àjàṣẹ́ kan ní gbogbo ọdún 1989, títí Kérékou fi kọ ẹ̀kọ́ Marx sílẹ̀ ní oṣù kejìlá, tí Àpéjọ Orílẹ̀-èdè sì wáyé ní oṣù kejì ọdún 1990, níbi tí wọ́n ti yan Soglo ṣe olórí ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Ìtàn òṣèlú náà ni ìwé máa ń sọ. Ohun tí wọn kì í sábà kọ ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ. Apá kan wọn gun alùpùpù, wọ́n di zémíjàn, ìyẹn ọlọ́kadà tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Apá kan wọ pákì: wọ́n di alágbàtà tó ń mú oníbàárà wá, wọ́n di ẹni tó ń tún iná àti irin ara ọkọ̀ ṣe, wọ́n di awakọ̀ tó ń kó ọkọ̀ láti èbúté dé pákì, àti láti pákì dé ẹnubodè. Èyí ni mo fi ń sọ pé ìbínú orílẹ̀-èdè méjì ló bí òwò yìí: ìbínú ẹni tí ọkọ̀ tuntun wọ́n fún ní Ìbàdàn, àti ìbínú ẹni tí ìjọba rẹ̀ kò san owó fún ní Àjàṣẹ́.

Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá nígbà náà ní ètò. Oníbàárà láti Nàìjíríà á wá sí pákì, á bá alágbàtà dúnàádúrà, wọn á ṣe ìwé ọjà tó ń kọjá lọ fún ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn dúwáànì, ìyẹn àwọn aṣọ́bodè, wọn á sì kó wọn tẹ̀lé ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí Kraké, tàbí kí wọ́n la Àjàṣẹ́ kọjá sí Ìgòlò. Àwọn mìíràn ń gba òkè, láti Kétu sí Ìlárá, níbi tí ènìyàn ti lè jí ní Bẹ̀nẹ̀ kó sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ọ̀sán ní Nàìjíríà. Owó bodè wọ àpò ìjọba Bẹ̀nẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín lẹ́bàá pákì sì rí tiwọn.

N kò ní bo ẹ̀bi tiwa mọ́lẹ̀. Àwọn olè ń gba ẹnubodè kan náà kó ọkọ̀ tí wọ́n jí, ọ̀rọ̀ yìí ló sì mú kí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2003. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì wọ Nàìjíríà láìsan owó bodè tó yẹ. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ìjọba lórí ìjọba jẹ owó yìí ní Bẹ̀nẹ̀ láti ìgbà Soglo, kò sì di ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kankan ní Àjàṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, ìgbàkígbà tí ọrọ̀ ajé bá ti le, ojú ẹnubodè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, Dunlop sì tẹ̀lé e ní Ìkẹjà. Àìsí iná àti ọ̀wọ́n gógó epo wà lára ohun tó pa wọ́n, kò sì sí èyí tó ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní ọdún 2013, ìjọba Jonathan gbé owó bodè lórí ọkọ̀ tuntun tó ń ti òkèèrè wọlé dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè gbèrú. Ní ọdún 2016, owó epo tún ti já, náírà tún ti ṣubú, ọrọ̀ ajé wọn sì ń sún padà sẹ́yìn. Ìdáhùn ìjọba Buhari ni pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ti ẹnubodè pátápátá ní oṣù kẹjọ ọdún 2019.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òfin ọkọ̀ ti ọdún 2017 kò kúrò níbẹ̀. Ládùúgbò tiwa, mo mọ awakọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń kó ọkọ̀ lọ sí Ìgòlò láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Méjì nínú wọn ti di zémíjàn. Ẹnì kẹta ṣì ń lọ sí pákì ní àràárọ̀, ó ń ṣáná sí àwọn ọkọ̀ tí kò rí ẹni rà, kí bátìrì wọn má baà kú.