Kí Ló Dé Tí Ẹni Tí Oògùn Ìdènà HIV Wà Fún Fi Ń Yẹra fún Un?

Oògùn wo gan-an ni?

PrEP ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò ní kòkòrò HIV lára ló ń lò ó, kí kòkòrò náà má baà ráyè wọlé. Truvada, tí à ń lo hóró rẹ̀ kan lójúmọ́, ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ní oṣù Keje ọdún 2012. Bí ènìyàn bá ń lò ó déédéé, ewu kíkó HIV nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Bó bá mú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ fi ń lọ́ra?

A máa ń yára sọ pé àìmọ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ oògùn náà dáadáa. Ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn yóò fún ike oògùn náà ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Èròjà inú Truvada, tenofovir àti emtricitabine, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ti ní HIV. Nítorí náà, ẹ óò rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń sun yàrá kan, tí yóò da hóró oògùn rẹ̀ sínú ike fítámì, tí yóò sì fa bébà ara ike ti tẹ́lẹ̀ ya wẹ́wẹ́ kó tó sọ ọ́ nù. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i, wọn yóò ní ó ti lárùn, tàbí kí wọ́n ní oníṣekúṣe ni.

Ẹ̀sùn kejì yìí kì í sì í ṣe ará ìta nìkan ló ń fi kàn wọ́n. Ní Amẹ́ríkà ní 2012, àárín àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin gan-an ni orúkọ ẹ̀gàn náà, “aṣẹ́wó Truvada”, ti jáde. Nígbà tó yá, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù, wọ́n sì wọ̀ ọ́ jáde gbangba. (Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà gbọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀ rí.)

Àwọn tí wọ́n bí ní akọ, àmọ́ tí wọ́n mọ ara wọn sí obìnrin ńkọ́?

Ẹ̀rù tiwọn yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo họ́mọ̀nù, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dí i lọ́wọ́. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe kò fi hàn pé PrEP ń dín agbára họ́mọ̀nù wọn kù. Ìwádìí iPrEx, tí wọ́n fi dán PrEP wò, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010, gba ènìyàn 2,499 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, àwọn obìnrin wọ̀nyí sì wà lára wọn; oògùn náà dín kíkó HIV kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, iye yìí sì kéré nítorí pé ọ̀pọ̀ kò lò ó déédéé. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí tó kó HIV wò lọ́tọ̀, kò sí oògùn lára ọ̀kankan nínú wọn lásìkò náà. Pé wọ́n ti kọ́kọ́ kà wọ́n pọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú ìwádìí náà wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn kan máa wò ó pé oògùn yìí kì í ṣe tàwọn.

Ṣé kò ní ìpalára?

Èébì lè máa gbé ènìyàn, orí sì lè máa fọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàyẹ̀wò HIV kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yẹ kíndìnrín wò. Kò dènà àtọ̀sí.

Ṣé abẹ́rẹ́ kò yanjú ọ̀rọ̀ ike?

Ó yanjú rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ cabotegravir, tí à ń gbà ní oṣù méjì méjì, ní oṣù Kejìlá 2021, àti lenacapavir, ti oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ní oṣù Kẹfà 2025. Kò sí ohun tí ènìyàn máa fi pa mọ́ sílé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà á ṣì ní láti dúró níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì, kí wọ́n bi í léèrè irú ẹni tó ń bá lò pọ̀, bóyá lójú àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀.