Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé oògùn ló pa aláìsàn

Ikú tí oògùn fà kì í pariwo. Ẹni tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ló kú, àìsàn yẹn náà ni wọ́n sì máa kọ sílẹ̀ pé ó pa á.

Oògùn lè gbòdì nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kọjá ààlà: ínsúlíìnì á fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ọpọlọ. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè tètè tú u fó. Irú kejì ni pé ara ẹni náà kò gba oògùn ọ̀hún rárá. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, ọ̀fun á wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, lè mú kí awọ ara máa bó bí ẹni tí iná jó.

Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè ohun tí aláìsàn ti lò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ní Nyanya tàbí Kubwa, lágbègbè Abuja, nọ́ọ̀sì béèrè oògùn, ìyá àgbà gbọ́ oògùn òyìnbó. Àgbo tó mu láàárọ̀ kò sí nínú èsì rẹ̀. Èyí tó rà ní kẹ́míìsì ńkọ́? Inú ọ̀rá ni wọ́n dà á sí, kò lórúkọ.

Bí dókítà bá fura, á wo ìgbà tí oògùn wọ ara àti ìgbà tí àmì bẹ̀rẹ̀. Á tún wò ó bóyá ara balẹ̀ nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró. Òkú kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, nítorí náà "ó ṣeé ṣe" ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe "ó dájú".

Ìfura yẹn tó láti kún fọ́ọ̀mù yẹ́lò ti NAFDAC, èyí tí wọ́n fi ń ròyìn oògùn tó gbòdì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù pé wọ́n á di ẹ̀bi rù wọ́n kì í jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kan kún un. Fọ́ọ̀mù náà ń lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Abuja, láti ibẹ̀ sí Uppsala ní Sweden, níbi tí ìròyìn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń pàdé. 2004 ni Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìròyìn kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Bí irú rẹ̀ bá ti ń pọ̀, wọ́n á yí ìkìlọ̀ inú páálí padà, tàbí kí wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà.

Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, èyí tó ń fi hàn inú ìpò wo ni oògùn náà ti wá, torí nígbà míì ìpò kan ló máa ń bà jẹ́. Ní 1990, ọmọ 47 kú ní Jos lẹ́yìn tí wọn ò lè tọ̀ mọ́. Pàrásítámọ́ọ̀ olómi ni wọ́n mu, diethylene glycol, májèlé, sì wà nínú rẹ̀. Pàrásítámọ́ọ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n fi pò ó ni.