Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Ń Kọ́ Ọlọ́pàá Lórí Ìwà Ẹlẹ́yàmẹ̀yà

Bí a bá gbọ́ pé ọlọ́pàá lọ gba ẹ̀kọ́ lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ọ̀pọ̀ wa á rò pé ìwàásù ni: ẹ má bú adúláwọ̀ mọ́. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti London. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó kan gún Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, lọ́bẹ pa níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eltham, torí pé adúláwọ̀ ni. Ọlọ́pàá dé, ṣùgbọ́n wọn ò ka ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí orí kó yọ sí ẹni tí wọ́n ṣe níbi. Ó di ọdún 2012 kí ilé ẹjọ́ tó dá méjì nínú àwọn apànìyàn náà lẹ́bi.

Ìwádìí tí Sir William Macpherson, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, darí lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó jáde ní 1999, sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọnú ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú náà, ohun tí wọ́n ń pè ní "institutional racism". Ìyẹn ni pé kò dìgbà tí ọlọ́pàá kan bá kórìíra rẹ. Àìmọ̀kan, àìbìkítà àti ojú tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yà rẹ ti tó láti fi ẹ̀tọ́ dù ọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti kan ará ìlú jù ni dídá èèyàn dúró lójú pópó láti yẹ ara rẹ̀ wò. Òfin ọdún 1984 tó de iṣẹ́ ọlọ́pàá níbẹ̀ ní ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́. Àwọ̀ ara kì í ṣe ìdí, àfi tó bá wà lára àpèjúwe ẹni tí wọ́n ń wá. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń wá, ìdí tó fi ń wá a, àgọ́ tó ti wá àti òfin tó ń lò, kó sì sọ fún ọ pé o lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà àkọsílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ lọ́mọkùnrin ní Peckham ní London, ẹ fi èyí kọ́ wọn nílé.

Wọ́n tún ń kọ́ ọlọ́pàá pé ìwà ọ̀daràn tí ẹni tó kàn, tàbí ẹlòmíràn, bá kà sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kíkọ sílẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ìwádìí ló kù.

Síbẹ̀, ní 2023, ìwádìí tí Baroness Casey ṣe lórí ọlọ́pàá London tún sọ ohun tí Macpherson sọ. Kàmíṣọ́nnà Mark Rowley, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá náà, gba àbájáde rẹ̀, àmọ́ ó kọ̀ láti lo ọ̀rọ̀ náà "institutional" gan-an. Lójú tèmi, agbọ̀n la fi ń pọnmi bí ẹ̀kọ́ náà bá parí sí kíláàsì, àfi kí sájẹ́ǹtì máa wo fídíò kámẹ́rà tí ọlọ́pàá ń so mọ́ àyà, kó sì bi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé: "Mẹ́wàá lo dá dúró, kí ló dé tí mẹ́sàn-án fi jẹ́ adúláwọ̀?"