Kọ́ọ̀tù aparadà àbí kọ́ọ̀tù lásán: èwo ni kí á rà?

Oyún mi ti pé oṣù méje. A fẹ́ ra kọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ tí ọ̀pá yí ká. Lásán ni mo fẹ́, àmọ́ bàbá ọmọ ní aparadà, èyí tó ń para dà di bẹ́ẹ̀dì ńlá, ni kí á rà, pé ọmọ á lò ó títí á fi di géńdé. Ta ló jàre nínú wa?

Kí n tó dá ẹjọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá pé ọdún mẹ́ta, níbo ló máa sùn, ta ló sì máa wà nínú kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ yẹn? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí ìyẹn, ìjà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kí tiẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn? Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú mi.

Ọ̀kan náà ni wọ́n lóòótọ́, fún nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ọ̀pá tó tò tẹ̀ lé ara wọn, fóòmù nísàlẹ̀. Kọ́ọ̀tù lásán kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọmọ bá ti dàgbà jù ú, wọ́n á tú u palẹ̀.

Aparadà ní tirẹ̀, wọ́n ṣe é kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lè yọ. Wọ́n á fi igi ìdènà kúkúrú dí ibẹ̀, á wá di bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ti ń rìn, fóòmù àtijọ́ náà ni yóò sì máa lò. Àwọn kan tún lè di bẹ́ẹ̀dì àgbà. Ẹ̀gbẹ́ tó ga jù nínú kọ́ọ̀tù á di pákó ìgbérí, ẹ̀gbẹ́ kejì á bọ́ sí ìhà ẹsẹ̀, igi gígùn méjì á so wọ́n pọ̀. Ìyẹn làwọn olùtajà ń pè ní "mẹ́rin nínú ọ̀kan". Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni oní 70 sẹ̀ǹtímítà sí 140, tó ń di bẹ́ẹ̀dì ọmọdé nìkan tí kò ní di ti àgbà láéláé. Nítorí náà, ẹ má kàn gbọ́ "aparadà" kí ẹ sanwó. Ẹ béèrè pé kí ló ń para dà sí.

Ṣé owó tí a fi kún un kò ní padà wá bó bá yá? Kọ́ọ̀tù àti bẹ́ẹ̀dì nínú ọjà kan ṣoṣo ni, àbí?

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Igi gígùn méjì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà sí nínú páálí. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Igi ìdènà kúkúrú náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀tọ̀ ni. Fóòmù ńkọ́? Inú kọ́ọ̀tù tó pé ìwọ̀n l'Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 71 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀ àti 133 ní gígùn. Bẹ́ẹ̀dì àgbà tí irú kọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ ń dà níbẹ̀ jẹ́ 137 sí 190. Fóòmù tuntun lẹ máa rà, bóyá pẹ̀lú irin tí fóòmù máa jókòó lé. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi wé kọ́ọ̀tù lásán pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí ẹ máa rà lọ́dún mẹ́ta sí i. Nígbà míì aparadà á ṣì borí, pàápàá bó bá jẹ́ igi gidi ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà míì, èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ ti bá igi gígùn lọ.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ihò bóòtù ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu. Bí wọ́n bá ti dáwọ́ ṣíṣe irú tiyín dúró, kò sí igi tó máa wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ṣe wá rí. Ọdún kẹrin la tó dìde láti lọ ra igi tiwa, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Pákó ìgbérí yẹn ṣì fara ti ògiri lẹ́yìn wọ́dúróòbù títí dòní, ó kàn ń gba eruku. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ra aparadà ni kí ẹ ra igi rẹ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó bá ṣẹ́kù, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó mọ́ igi gígùn náà níbi tí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ sí. Bí owó igi kò bá sí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kọ́ọ̀tù lásán ni kí ẹ rà, kí ẹ sùn dáadáa.

A fẹ́ kí àbúrò tẹ̀ lé e kíákíá.

Ẹ ra kọ́ọ̀tù lásán. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ aparadà di bẹ́ẹ̀dì, tòun ni. Ẹ kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tún un pa dà sí kọ́ọ̀tù fún ọmọ tuntun láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ ogun nínú ilé. Kọ́ọ̀tù kejì lẹ máa rà. Lásán ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n á bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àbúrò á wọlé sí i. Ọmọ kan ṣoṣo, tàbí ọmọ tí àlàfo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún wà láàárín wọn, ni aparadà tọ́ sí.

Èwo ló láàbò jù?

Kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ohun kan náà lẹ máa yẹ̀ wò lára méjèèjì. Àlàfo láàárín ọ̀pá kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 6 sẹ̀ǹtímítà lọ, kí ara ọmọ má baà gba ibẹ̀ yọ kí orí wá há. Bí agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá gba àárín ọ̀pá kọjá, ó ti fẹ̀ jù. Fóòmù gbọ́dọ̀ le, kó sì kún inú kọ́ọ̀tù débi pé ìka méjì kò ní ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ sórí ẹ̀yìn rẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí ọmọláńgidi, láìsí aṣọ fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n ń so yí ọ̀pá ká. Mo mọ̀ pé aṣọ yẹn máa ń rẹwà nínú fọ́tò, àmọ́ ó lè dí ọmọ nímú. L'Amẹ́ríkà, òfin ti lòdì sí títà rẹ̀ láti ọdún 2022.

Bí ọmọ bá ti ń dá jókòó, ẹ sọ ibi tí fóòmù jókòó lé kalẹ̀. Kó tó máa fi ọwọ́ di ọ̀pá mú dìde, kó ti wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìgbà wo ló yẹ kí á yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ aparadà?

Nígbà tí ọmọ bá ga tó nǹkan bí 89 sẹ̀ǹtímítà, tàbí tó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá igi òkè, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ má yá a jù: lábẹ́ ìlànà Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 15 kò gbọdọ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Láti òru ọjọ́ tí ẹ̀gbẹ́ bá ti kúrò, gbogbo yàrá ti di kọ́ọ̀tù nìyẹn. Ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ láago méjì òru, á lọ gun kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ti de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹbí kan fẹ́ fún wa ní kọ́ọ̀tù wọn àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí á gbà á?

Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá ń yọ́ lọ sókè sódò, ẹ dúpẹ́, kí ẹ má gbà á. Irú wọn ti pa ọmọ, Amẹ́ríkà sì fòfin dè wọ́n ní ọdún 2011. Bí bóòtù kan bá sọnù tàbí ọ̀pá kan bá sán, ẹ má gbà á. Ẹ má sì fi ìṣó dípò bóòtù.

Yàrá wa kéré, a sì máa ń kó láti ilé dé ilé.

Aparadà wúwo, pákó ìgbérí rẹ̀ sì fẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u tí ẹ tún un tò ni ihò bóòtù ń gbò sí i. Ẹ ní kí bàbá ọmọ mú téèpù, kó kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá.