Kí ni họ́móònù ń ṣe nínú ara kọ̀ndọ́?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ọ̀ṣòdì, kọ̀ndọ́ ti fi ẹ̀wà àgọ̀yìn jẹ búrẹ́dì Agége, ó sì da igo mínírà kan lé e. Kí bọ́ọ̀sì wọn tó dé Ọbáléndé, oúnjẹ yẹn ti ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ṣúgà tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò ju nǹkan bíi gíráàmù 5 lọ, ṣíbí tíì kan péré. Mínírà yẹn nìkan lè ní tó ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta, ẹ ó rí i pé ṣúgà ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Họ́móònù ló ṣe é. Ohun tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi rán ẹ̀yà mìíràn tó jìnnà sí i níṣẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ bí agbèrò ṣe máa ń pariwo "Ọbáléndé, C.M.S.!" ní gáréèjì: gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń gbọ́, ẹni tó ń lọ síbẹ̀ nìkan ló ń wọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé họ́móònù kiri gbogbo ara, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ní ibi tí họ́móònù ọ̀hún lè so mọ́ nìkan ló ń dá a lóhùn.

Ínsúlínì ni ti ṣúgà. Pánkíríà, tó sápamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, ló ń tú u jáde bí ṣúgà bá ti ń ga. Iṣan ara àti ọ̀rá á gba ṣúgà wọlé, ẹ̀dọ̀ á kó tiẹ̀ pamọ́. Bí ṣúgà bá ń wálẹ̀, pánkíríà náà á dẹwọ́. Tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wá há kọ̀ndọ́ mọ́ orí afárá Third Mainland tí kò rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ, pánkíríà yìí kan náà á tú họ́móònù mìíràn, glúkágọ́ọ̀nù, ẹ̀dọ̀ á sì yọ nínú ṣúgà tó kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ní homeostasis ní 1926. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ní ilé ìwé, bíi pé ara dúró sójú kan, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò dúró rárá. Ó ń yẹ̀ díẹ̀, a ń tún un ṣe, ó tún ń yẹ̀.

Ti omi náà nìyẹn. Kọ̀ndọ́ rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nínú oòrùn, òógùn ń ṣàn, kò sì fẹ́ mu píọ̀ wọ́tà púpọ̀ torí pé kò mọ ibi tó máa tọ̀ sí. Omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín, ẹ̀jẹ̀ á ki. Ẹ̀yà kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, á tú họ́móònù tó ń pàṣẹ fún kíndìnrín pé kó má fi omi ṣòfò. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìtọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ fi kéré, tó sì pọ́n. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kò lè dá omi, ṣíṣọ́ èyí tó kù ná ni tiẹ̀. Òùngbẹ ló ń lé ẹni lọ sídìí omi.

Nínú àtọ̀gbẹ, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà dàrú: pánkíríà lè má tú ínsúlínì mọ́, tàbí kí àwọn sẹ́ẹ̀lì má fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, agbára kíndìnrín kò ká a mọ́, á bá ìtọ̀ jáde, á sì fa omi dání. Ẹni náà á máa tọ̀ ṣáá, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́. Abájọ tí àwọn àgbà fi máa ń wo ilẹ̀ tí ènìyàn tọ̀ sí, bóyá èèrà ṣù bò ó. Ní January 1922, ní Toronto, ni wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14. Ó tún lo ọdún mẹ́tàlá láyé.

Oògùn oníhóró náà wà. Metformin ń dín ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú kù, glibenclamide ń mú kí pánkíríà tú ínsúlínì sí i. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde nínú bọ́ọ̀sì pé àgbo òun ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì ni àgbo tiẹ̀ ń ṣe.