Ọ̀fẹ́ ni àpò ìrẹsì, ọwọ́ yín kì í ṣe ọ̀fẹ́

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ìrẹsì àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó ti ṣófo rán àpò ọjà tà ní Ìlọrin, obìnrin kan gbé àpò tí mo tà fún un padà wá láti Ọjà Ìpàtà. Kò pariwo. Ó kàn gbé e ka orí máṣíìnì, ó ní, "Ìyá Àpò, ẹ wo iṣẹ́ yín." Ọwọ́ àpò ti já, tàtàṣé rẹ̀ sì ti fọ́n ká ẹnu ọ̀nà ọjà. Mo wò ó: òwú mi kò já rárá. Ara àpò ìrẹsì gan-an ló ya, ó tẹ̀lé ipa abẹ́rẹ́ gẹ́lẹ́, bí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já nínú ìwé.

Ẹ̀bi mi ni. Mo rán an bí ẹni ń rán àǹkárá. Ihò abẹ́rẹ́ máa ń padé lára aṣọ. Lára ọ̀rá, kì í padé. Bí ẹ bá gún un ṣúṣúṣú, ẹ ti lànà ibi tí yóò ti ya nìyẹn. Nítorí náà, ẹ yí máṣíìnì sí nọ́ḿbà 4 kí ìrán lè jìnnà síra, kí ẹ sì lo abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 16 tàbí 18. Péègì tí a fi ń sá aṣọ ni kí ẹ fi dè é mọ́ra, kì í ṣe pín-ìn-nì. Bó bá jẹ́ ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni ẹ ń rán, tí ẹsẹ̀ máṣíìnì ń lẹ̀ mọ́ ọn tí kò rìn, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn lé e, ẹ rán wọn pọ̀, kí ẹ wá fa ìwé náà ya kúrò.

Láti ọjọ́ náà, n kò rán ọwọ́ mọ́ ẹnu àpò lásán mọ́. Bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ tó ti kú ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára àpò, á gba abẹ́ ìdí rẹ̀ kọjá, á tún gòkè lódì kejì. Ìdí àpò ló ń gbé ẹrù.

Kì í ṣe gbogbo àpò tí ẹ bá rí he lẹ óò lò. Èyí tó ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ fi èékánná ha á. Bó bá ń rún, oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Àpò ajílẹ̀ àti ti oògùn kòkòrò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ má fi rán ohun tí èèyàn óò kó oúnjẹ sí. Ti sìmẹ́ǹtì dára, àmọ́ ó ń jẹ ọwọ́: ẹ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, omi tó bá ṣẹ́kù ní igun rẹ̀ ló ń di èbu. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ ibòji. Àsìkò ọyẹ́ ni mo máa ń kó tèmi jọ.

Ohun tí ìlú wa fi ta ìlú mìíràn yọ ni àjákù aṣọ òkè. Ẹ bá àwọn ahunṣọ àti télọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má dà á nù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ínṣì mẹ́rin lọ, ó sì tó fún iwájú àpò. Ẹ ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ó máa ń tú. Ní tèmi, n kì í fi aṣọ bo gbogbo àwòrán ara àpò ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ yọjú.

Iye owó ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní síìpù, òwú, láínì (aṣọ inú) àti bẹ́líìtì àpò kan jẹ́ ₦1,200. Ká ní owó òòjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ́ ₦6,000, tí ẹ sì ń rán mẹ́ta lójúmọ́: ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ààbọ̀ ọjọ́ tí ẹ fi fọ àpò méjìlá, ₦250 ló kan ọ̀kan. Iná àti òróró máṣíìnì, ₦150. Ó ti di ₦3,600, ẹ kò sì tíì jèrè kọ́bọ̀. Síbẹ̀ ₦2,500 ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń pè é, torí ó rí àpò he.

Oníbàárà tó bá sọ fún mi pé, "Ṣebí àpò ìrẹsì náà ni," mo máa ń mú ọ̀kan tí a kò tíì fọ̀ fún un, mo ní kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́.