Abánidíje yín ti béèrè fún pátẹ́ńtì kárí ayé: ibo ló bá a dé?

Àwọn oníṣòwò máa ń gbé ìwé kan wá bá mi, lẹ́tà WO á wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀, ojú wọn á sì ti fà ro. "Wọ́n ti gba pátẹ́ńtì gbogbo ayé. Ṣé a ò ti wọ gàù báyìí?" Pátẹ́ńtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fúnni lórí ìhùmọ̀ tuntun, kí ẹlòmíì má baà lò ó láìgbàṣẹ, kò sì sí èyí tó ń jẹ́ ti gbogbo ayé. Ìbéèrè fún pátẹ́ńtì lásán ni ìwé ọwọ́ wọn yẹn. Àdéhùn PCT tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington lọ́dún 1970 ló jẹ́ kéèyàn lè fi ìbéèrè ẹyọ kan di àyè mú sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150. WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun ìní ọpọlọ, tó wà ní Geneva, ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n WIPO kì í fún ẹnikẹ́ni ní pátẹ́ńtì. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tàbí ọ́fíìsì agbègbè bíi ti Yúróòpù, ló ń yẹ ìbéèrè náà wò, tó sì ń pinnu. Ohun tó yẹ kí ẹ wádìí ni ibi tí abánidíje yín wọlé sí, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ti gbé ìbéèrè náà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tí wọ́n sọ fún un níbẹ̀.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé WO náà, ẹ wá nọ́ńbà 30 tó wà nínú àkámọ́. Ọjọ́ tó pẹ́ jù lọ sẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìhùmọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Ọjọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni mo máa ń pè é, òun la fi ń ka ìyókù. Ká ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 2021 ni. Lẹ́yìn oṣù 18, ìyẹn oṣù Kẹsàn-án 2022, WIPO á tẹ̀ ẹ́ jáde fún tolórí tẹlẹ́mù. Oṣù 30 á pé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2023, ọjọ́ yẹn sì ni àkókò àtiwọlé sí Amẹ́ríkà àti Jàpáánì ń parí. Yúróòpù, Íńdíà, Gúúsù Kòríà àti Ọsirélíà fi oṣù kan kún un. Ní Ṣáínà, ẹni tó bá san owó ìdádúró lè wọlé títí di oṣù 32.

Lórí PATENTSCOPE, ìkànnì ọ̀fẹ́ ti WIPO, abala kan wà tí wọ́n kọ "National Phase" sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí orílẹ̀-èdè tí wọ́n wọ̀, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́ àti nọ́ńbà ibẹ̀. Láti oṣù Keje 2017 ni òfin ti ní kí àwọn ọ́fíìsì máa fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ láàárín oṣù méjì tàbí ní kété tó bá ṣeé ṣe lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ "ní kété tó bá ṣeé ṣe" yẹn, ẹ fojú sí i dáadáa. Bí ẹ bá wò ó ní oṣù 30 tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má tíì yọ̀. Mo máa ń padà wò ó ní oṣù 33, ní oṣù 36, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo sì máa ń wo ìkànnì ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè náà gan-an.

Oníbàárà mi kan rí i pé kò sí Amẹ́ríkà nínú abala yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, pátẹ́ńtì yọ. Òfin Amẹ́ríkà gba olùbéèrè láyè láti fi ìbéèrè tuntun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀síwájú èyí tó kọ́kọ́ ṣe, láìgba ẹnu ọ̀nà tí PATENTSCOPE ń ṣọ́. Orúkọ olùhùmọ̀ la fi rí i, nítorí ilé iṣẹ́ náà ti yí orúkọ padà. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹ́ fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan wá ohunkóhun. Mo máa ń mú orúkọ olùhùmọ̀ níbi nọ́ńbà 72, mo sì máa ń wá gbogbo ẹbí ìwé náà, ìyẹn àwọn ìbéèrè míì lórí ìhùmọ̀ kan náà, lórí Espacenet, ìkànnì ọ̀fẹ́ tí ọ́fíìsì Yúróòpù fi ń jẹ́ ká wá pátẹ́ńtì. Taiwan náà ń bẹ, tí kò sí nínú PCT rárá: tààrà ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Ti Yúróòpù ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lọ́nà míì. Ìbéèrè WO máa ń ní fáìlì àti nọ́ńbà EP lórí rẹ́jísítà wọn kí olùbéèrè tó san kọ́bọ̀ kan. Nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á sí ohun tí olùbéèrè ti fà sẹ́yìn, ó ṣì lè sanwó láàárín oṣù méjì lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀, kí fáìlì náà jí padà. Ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀ fún Register Alert, ètò ìtanilólobó ti rẹ́jísítà náà, wọn á máa ta yín lólobó lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkúùgbà tí nǹkan bá yí padà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó mọ gbogbo orílẹ̀-èdè tí abánidíje wọ̀, tí kò ka ààlà tó pa síbẹ̀, kò tíì mọ nǹkan kan. Ààlà ni àwọn gbólóhùn olónọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé náà, níbi tí olùbéèrè ti sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Nínú ìwé WO, ó sábà máa ń fẹ̀ gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò á wá máa gé e kù. Ẹ jẹ́ ká wo ìdérí ìgò oògùn kan: nínú WO, olùbéèrè ní gbogbo ìdérí tó bá ti ní sípíríǹgì, tòun ni. Jàpáánì lè fún un ní pátẹ́ńtì lórí sípíríǹgì onírin tó wà lábẹ́ ìdérí nìkan, nígbà tí Yúróòpù ṣì ń bá a fà á. Bí sípíríǹgì tiyín bá jẹ́ oníke, ọ̀rọ̀ yín ní Jàpáánì yàtọ̀ pátápátá sí ti Yúróòpù. Global Dossier, ètò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń jẹ́ kí ẹ ka lẹ́tà tí olùyẹ̀wò àti olùbéèrè ń kọ síra wọn ní àwọn ọ́fíìsì ńlá márùn-ún (Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Ṣáínà, Jàpáánì àti Kòríà), pẹ̀lú ìtumọ̀ ẹ̀rọ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ti Ṣáínà, Jàpáánì àti Kòríà. Ohun tó sọ láti fi tu olùyẹ̀wò lójú ni mo máa ń kà jù, torí ibẹ̀ ló ti ń fẹnu ara rẹ̀ gé ilẹ̀ rẹ̀ kù.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùyẹ̀wò yẹn, ẹ wo ìwé àbájáde ìwádìí tó wà pẹ̀lú WO. Lẹ́tà X lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àtijọ́ kan túmọ̀ sí pé ìwé yẹn nìkan tó láti bi ààlà kan wó. Èyí tó ní Y nílò ìwé míì tó máa bá a rìn kó tó lè bì í wó. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tí olùyẹ̀wò kò rí, WIPO ń gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, láìdárúkọ bí ẹ bá fẹ́, títí di oṣù 28. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 12 oṣù Keje 2023 nìyẹn. Àǹfààní yìí dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tó ti kọjá. Ní Yúróòpù, oṣù mẹ́sàn-án ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n bá fúnni ní pátẹ́ńtì láti takò ó.

Bí pátẹ́ńtì bá ti jáde, owó ìtọ́jú, ìyẹn owó tí wọ́n ń san kí pátẹ́ńtì má baà kú, ló kù tí ẹ ó máa ṣọ́. Amẹ́ríkà ń gbà á ní ọdún 3½, 7½ àti 11½, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà àfikún fún ẹni tó pẹ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbà á lọ́dọọdún. Pátẹ́ńtì tí wọn ò san owó rẹ̀ ṣì lè jí bí ẹni tó ni ín bá bẹ̀bẹ̀ lásìkò. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo wò ó àti ibi tí mo ti wò ó síbẹ̀. Mi ò kì í kọ "ó ti kú" síwájú èyíkéyìí, àyàfi tí àkókò ẹ̀bẹ̀ náà bá ti kọjá.